A gbé àga irin lọ Àjàṣẹ́

Ọjọ́rú: Abẹ́òkúta, Àyétòrò, Ìlára, Kétu

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la kúrò ní Láfẹ́nwá. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni, àmọ́ a ò tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, àwọ̀n fọlibọ́ọ̀lù àti ìkòkò ọbẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀yìn. Àga irin tí mo jó fún àbúrò mi kò tiẹ̀ wọlé rárá. Orí òrùlé la dè é sí.

Wẹ́dà ni mí. Géètì, bọ́gílárì àti férémù fèrèsé ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Àbúrò mi, tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kó tó mọ ìrìn í rìn, ló ń ju irin roboto (shot put) láti orí ìjókòó, àga tó ń jókòó lé ló sì sọ èmi náà di ará ẹgbẹ́ àwọn akàndá eléré ìdárayá. Kẹ̀kẹ́ ẹni tó bá ń ké, tí rímù rẹ̀ bá wọ́, èmi ni wọ́n ń pè. "Bọ̀dá Wẹ́dà" ni gbogbo wọn ń pè mí, títí kan àwọn tó lè bí mi lọ́mọ. Àwọn akàndá ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá figa gbága. Kò sí ọwọ́ ìjọba níbẹ̀. Owó ẹgbẹ́, owó tí àwọn oníṣòwò dá fún wa àti owó àpò kálukú la fi rìn.

Láti Abẹ́òkúta dé Àyétòrò, kòtò kan ń fà wá lé òmíràn lọ́wọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń gbá fọlibọ́ọ̀lù àjókòógbá máa ń pariwo láti ẹ̀yìn: "Bàbá dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o! Ìdí ni mo fi ń ṣeré, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!" Bàbá ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní ìdí tó bá lè fara da ọ̀nà Àyétòrò, kò sí ẹni tó máa lè ṣí i nípò ní Kétu.

Ní ibodè Ìlára, ọ̀gá kan ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tò. Kóòṣì wa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò burú, àmọ́ kí ọ̀gá bá wa wá géńdé mẹ́fà tó lè gbé èèyàn, kí wọ́n sì ní sùúrù bíi wákàtí kan. Ọkùnrin náà yọjú wo inú bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó bá gbé ìwé ńlá rẹ̀ dání, ó wọlé tọ̀ wá, orí orókún ara rẹ̀ ló ti ń kọ orúkọ wa. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ti ń bó o fún wa lójú fèrèsé, kò gba owó àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Àbúrò mi ní kó gba tòun, torí òun ní owó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí obìnrin náà fi gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ àti káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ ṣẹ́ owó díẹ̀ ní Ìlára, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú ìlú. 10,000 náírà mi kò tó 4,000 sẹ́fà, owó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní wẹ́wẹ́, torí kò sí ọlọ́kadà tó máa rí ṣéńjì 10,000 sẹ́fà fún yín ní kùtùkùtù.

Níbi tí a ti ń dúró de òǹtẹ̀ ni kóòṣì ti sọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Ìlú Ọba ní 1939 nígbà ayé Hitler. Ó ń tọ́jú àwọn sójà tí ogun ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1948, ọjọ́ gan-an tí wọ́n ṣí Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó èèyàn 16 jọ lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ọkùnrin 14, obìnrin 2, wọ́n ń ta ọfà. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti ń dàgbà bọ̀ títí ó fi dé Róòmù ní 1960, ibẹ̀ ni wọ́n sì ka Paralympics (Òlíńpíìkì àwọn akàndá) àkọ́kọ́ sí. "Èèyàn 16 péré," kóòṣì ní, "àwa tá a wà nínú bọ́ọ̀sì yìí kò jìnnà sí i."

Àbúrò mi bèèrè ẹni tó gba ipò kìíní. Kóòṣì ò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ní ìtàn yẹn ò tíì pé.

A dé Kétu ní ìrọ̀lẹ́. Alága ẹgbẹ́ tibẹ̀ jẹ́ télọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà ni wọ́n ń gùn, ilé wọn la sì sùn. Wọ́n ti fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn kí a tó dé, àwọn ọmọ kàfíńtà àdúgbò ló kàn án. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló ń dúró dè wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ní dandan ni ká rí Àkábà Ìdènà, ẹnu odi ìlú láti ayé àtijọ́. Ogun Dahomey kó Kétu ní 1886, ìlú tún padà dìde, ẹnu odi yẹn sì wà níbẹ̀ títí dòní. Iyanrìn pupa wọn kò mọ alejò o. Táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ a kàn máa rì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń ti ẹnìkan nínú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, ẹ yí i padà, kí ẹ máa fà á lọ sẹ́yìn. Táyà ńlá ló yẹ kó ṣáájú.

Ọjọ́bọ̀: Kétu

Òní ni fọlibọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Wọ́n tẹ́ tapólì sílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n fi ẹfun fa ìlà: mítà 10 ní gígùn, mítà 6 ní ìbú. Àwọ̀n tàwọn obìnrin ga ní mítà 1.05, ti ọkùnrin ni 1.15. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé ìdí kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni, kó lọ jókòó sílẹ̀, kó máa fi ọwọ́ sún ara rẹ̀ sẹ́yìn, kó tún fi ọwọ́ kan náà gbá bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ lójú rẹ̀.

Èèyàn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, àwọn ọmọ ilé-ìwé gun igi. Nígbà tí eré dá dúró díẹ̀, bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà rọra rìn wọ inú pápá, wọ́n fi 100 sẹ́fà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin wa tó ń pariwo ìdí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lánàá. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run á wò ó sàn. Gbogbo wa dákẹ́. Òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, iyanrìn wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó wo owó náà, ó wo bàbá.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá mi. Kí n fi ta tẹ́tẹ́ fún àwa àbí fún Kétu?"

Kò kọ́kọ́ yé bàbá. Ọmọ wọn kan tó wà nítòsí ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pé ọmọbìnrin náà fẹ́ mọ ẹni tí bàbá rò pé á borí. Ojú bàbá yí padà. Wọ́n wo ẹgbẹ́ méjèèjì bí ẹni tó ń yan ewúrẹ́ lọ́jà, wọ́n wá gba owó wọn padà, wọ́n ní, "Kétu ni o!" Láti ìgbà náà títí eré fi parí, ẹnu bàbá yẹn kò pa dé. Wọ́n ń bú àwọn tiwa. Wọ́n ń bú àwọn tiwọn náà bí bọ́ọ̀lù bá bọ́. Wọn ò ṣàdúrà ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n sì nà wá. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí ọ̀kan. Onílù dùndún kan tẹ̀lé àwọn tiwa títí dé ẹsẹ̀ kànga, ó ń fi ìlù sọ ohun tí n kò lè kọ síbí.

Lálẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹnu nídìí ọbẹ̀. Àwọn tiwa ní kí Kétu má gbàgbé àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n dárúkọ Folashade Oluwafemiayo tó gbé kílò 167 ní Paralympics Paris ní 2024, tó gba góòlù, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ gbà á ní Tokyo. Lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń fẹ̀yìn lé gbé irin náà, kò sí ẹsẹ̀ tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́. Wọ́n dárúkọ Mariam Eniola Bolaji, tó gba idẹ nínú badminton ní Paris kan náà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Alága Kétu jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Láti Sydney 2000 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń lọ, a ò tíì mú nǹkan kan bọ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ebi ń pa wá jù yín lọ?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀.

Ẹtì: Kétu, Pobè, Sakété, Àjàṣẹ́

Títì ọ̀dà tó dán ni, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì. Bóyá dídán rẹ̀ ló jẹ́ kí bàbá dẹ́rẹ́bà máa sáré. A ti kọjá Pobè, a ń sún mọ́ Sakété, nígbà tí màlúù kan já wọ ọ̀nà. Bàbá tẹ bíréèkì, okùn òrùlé já, mo sì gbọ́ ìró irin lórí ọ̀dà. Ẹni tó ń jó irin mọ ìró yẹn dáadáa. N kò tíì sọ̀kalẹ̀ tí mo ti mọ̀ pé àga ni.

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ti wọ́ sínú. Ojú ìjó níbi tó ti pàdé férémù ti là, mo lè ti orí èékánná mi bọ̀ ọ́. Àbúrò mi bojú wo ó láti fèrèsé, kò sọ nǹkan kan. Ó kéré tán, òun ìbá bú mi, inú mi ìbá rọ̀.

Sakété là ń wọ̀ tí mo rí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá ketekete. Iná ti lọ. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ háyà, màá sì jó o fúnra mi. Ó ní kí n jókòó. Ó rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra epo bẹntiróòlù onígò lẹ́bàá ọ̀nà, 1,200 sẹ́fà fún lítà méjì, mo sanwó ìyẹn. Ó ki páìpù bọ ẹsẹ̀ àga, èmi fi òòlù ńlá gbá a láti ìdàkejì títí ó fi tọ́. A ha ojú ìjó àtijọ́ kúrò, a tún un jó, ó wá gé irin pẹlẹbẹ kan nínú àjákù tirẹ̀, ó fi ṣe àtìlẹ́yìn ní igun. Kò yẹ kó ṣe ìyẹn, irin wọ́n. Ojú ìjó rẹ̀ dán ju tèmi lọ, mi ò ní parọ́.

Nígbà tí mo ní èló ni owó rẹ̀, ó ní òun ò gbowó, kí n jẹ́ kí òun jókòó lé e kí òun ju irin náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé irin kílò 4 fún un. Àbúrò mi ń kọ́ ọ láti ojú fèrèsé: gbé e sí ọrùn, má gbé e sí èjìká, má ju ọwọ́ nìkan, yí ẹ̀yìn! Ó jù ú, ewúrẹ́ rẹ̀ fò sá. Kò lọ jìnnà. Ó tún ní kí wọ́n gbé e wá. Ó tún jù ú. Tí kóòṣì ò bá pè wá, a ò bá ṣì wà ní Sakété.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó wọ Àjàṣẹ́. Ilé tí wọ́n gbà fún wa mọ́ tónítóní, àmọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 58. Kẹ̀kẹ́ tó kéré jù nínú tiwa gba 63. Tẹ́ẹ̀pù kì í kúrò lápò mi, ẹ̀yin náà ẹ máa mú un dání bí ẹ bá ń bá akàndá rìnrìn àjò, kí ẹ wọn ilẹ̀kùn kí ẹ tó sanwó ilé. Alhaja kan tó wà ní ojúlé kejì gbọ́ bí a ṣe ń jiyàn, wọ́n jáde wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwẹ̀ tàwọn ní ẹ̀yìn kò ní ilẹ̀kùn kankan, aṣọ ni wọ́n ta sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lò títí a fi kúrò. Ẹ̀kọ tútù, ẹja díndín àti ata la jẹ sùn, 500 sẹ́fà fún ẹja, 50 fún ẹ̀kọ kan. Wàrà díndín wọn náà dùn, ẹ má fò ó.

Àbámẹ́ta: Àjàṣẹ́

Pápá ilé-ìwé kan ni wọ́n lò. Kí oòrùn tó mú, èmi àti àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ kan ti kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, a fi bẹ́líìtì tí àwọn onítírélà fi ń de ẹrù so àga mọ́ ọn gbọn-in gbọn-in. Àga ajùrin kò gbọ́dọ̀ mì. Bó bá mì, agbára tó yẹ kó bá irin lọ, ilẹ̀ ló máa gbà á.

Rẹfirí jẹ́ obìnrin, ó dé fìlà funfun, kì í rẹ́rìn-ín. Òfin ni pé àga àti tìmùtìmù orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ. Ó wọn iwájú, ó wọn ẹ̀yìn, ó tẹ tìmùtìmù mọ́lẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó dé ibi ẹsẹ̀ tí a jó ní Sakété, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ojú ìjó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde.

"74 ààbọ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ju nǹkan kan.

Nínú eré yìí, ẹni tó bá ti gun àga á ju gbogbo tirẹ̀ tán kó tó bọ́ sílẹ̀, torí dídè àti títú máa ń gba àkókò. Àbúrò mi fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá àga mú, ó ti irin bọ abẹ́ àgbọ̀n, ó fa èémí. Àkọ́kọ́ kọjá mítà 8. Èkejì jìnnà sí i díẹ̀. Ẹ̀kẹta jáde lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó lọ balẹ̀ lókè àmì ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ tó ń ṣíwájú, gbogbo wa fò sókè.

Àsíá pupa. Rẹfirí ní ìdí rẹ̀ gbéra.

"Ìdí ta ni?" àbúrò mi ké. "Ìdí tèmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń ní kí n dìde, mi ò lè dìde, òní lẹ wá rí i pé mo dìde?"

Pápá dàrú. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ọ́ ní èdè Gùn fún àwọn tí kò gbọ́, ìyẹn náà á bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin tó ń ṣíwájú, tí ọ̀kadà gé lẹ́sẹ̀ kan, ń fò lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń pariwo pé òun rí i, afẹ́fẹ́ gba abẹ́ ìdí náà kọjá, òun rí ojú ọ̀run níbẹ̀. Kóòṣì wa ń fi ìka sínú ìwé òfin. Rẹfirí kò yí ohùn padà. Àbúrò mi ju mẹ́ta tó kù, kò sí èyí tó tó ti àsíá pupa. Ipò kejì.

Ó bínú títí di alẹ́. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún Alhaja, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta ẹ̀kọ. Mo ti rí àbúrò mi yìí níbi tí wọ́n ti fún un lówó, níbi tí wọ́n ti fún un ní kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Mi ò rí i kí ara rẹ̀ yá gágá tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi òfin kan án mọ́lẹ̀, ó jà, wọn ò dá a láre, ọkùnrin tó borí rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Ta ló ń ṣe ìyẹn fún arọ lójoojúmọ́?

Ìdí nìyí tí inú mi ò fi dùn sí ẹni tó ń di máíkì mú. Faransé díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ó ń tún un sọ pé gbogbo àwọn tó wá ló ti borí, pé kò sí ẹni tó fìdí rẹmi lónìí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹ̀mí rere. Àbúrò mi ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó góòlù òun wá.

Eré àwọn afọ́jú náà gbóná. Ẹni tó ń sáré àti amọ̀nà rẹ̀ ń di okùn kékeré kan mú, amọ̀nà kò gbọ́dọ̀ fa ẹni náà, kò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ kọjá ìlà. Ọmọbìnrin Pobè kan sáré débi pé amọ̀nà rẹ̀ ló ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, okùn bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà nígbà tó ku díẹ̀. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje. Ọmọbìnrin náà dúró lórí ìlà, ó nawọ́ síbi tó gbọ́ èémí amọ̀nà, ó ní, "Ẹ bá mi wá ẹlòmíì. Èyí ò lè sáré."

Òjò lé wa ní aago mẹ́rin. Eré kẹ̀kẹ́ di ọ̀la, kò sì wáyé lọ́la náà.

Àìkú: Àjàṣẹ́

Bọ́ọ̀lù àwọn afọ́jú. Ẹ bá mi wá ẹni tó ti wò ó rí tí kò tún fẹ́ wò ó. Mẹ́rin ló ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn de ojú kí ẹni tó ń rí fìrìfìrì má bàa ní àǹfààní. Ẹni tó ń ṣọ́ gólì nìkan ló ń ríran. Nǹkan ń dún wọrọ-wọrọ nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ já bọ́ọ̀lù gbà gbọ́dọ̀ pariwo "voy" kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé òun ń bọ̀, amọ̀nà kan sì wà lẹ́yìn gólì tó ń júwe. Pápá rẹ̀ jẹ́ mítà 40 sí 20, pátákó ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí bọ́ọ̀lù má jáde. Páànù ilé ni wọ́n lò ní tiwọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lu páànù, ó di àrá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òǹwòran gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ pé kí ará Àjàṣẹ́ dákẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù! Obìnrin kan tó gbé igbá àkàrà lórí ló yan ara rẹ̀ sípò ọlọ́pàá, ó ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í síra bó ṣe ń lọ, èèyàn méjì ń bọ̀, "voy, voy," ó dúró lójijì, àwọn méjèèjì kọjá lára rẹ̀, ó yí, ó gbá a. Àwọ̀n mì. Obìnrin alákàrà ló kọ́kọ́ ké. Àkàrà dà sílẹ̀.

A ra gbogbo àkàrà tó dà. 25 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kan láti ìdílé Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn padà wá láti Brazil, jókòó tì mí. Wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn Brazil, àwọn èèyàn tiwọn, ló gba góòlù bọ́ọ̀lù yìí ní gbogbo Paralympics láti 2004 títí dé Tokyo. Mo ní Paris ńkọ́? Argentina lé Brazil níbẹ̀ pẹ̀lú pẹnáritì, Faransé ló wá gba góòlù. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù, pẹnáritì ni. Ọ̀kan sí ọ̀kan la parí tiwa, kò sí pẹnáritì, inú kò dùn sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, mo gun zém (ọ̀kadà tiwọn) lọ ọjà Wàndó, 300 sẹ́fà, láti ra tíúbù. Ẹ má gbára lé e pé ẹ máa rí tíúbù kẹ̀kẹ́ arọ níbẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni mo rà, mo wá fi ọgbọ́n wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ mo kọjá lẹ́bàá mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ lọ wò ó, àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan tó ìrìn àjò.

Ajé: a ń bọ̀ wálé

Kò sí ìròyìn púpọ̀. Okùn tuntun la fi de àga, bàbá dẹ́rẹ́bà sì rọra wà. Ní Sakété, wẹ́dà yẹn ti mọ̀ pé ipò kejì la gbà kí a tó dé, kí ẹ má bi mí bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní àtìlẹ́yìn tòun kọ́ ló gbé ìdí ẹnikẹ́ni sókè.

Ní Kétu a kàn fẹ́ já alága sílẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ nínú. Wọ́n fẹ́ kí n jó àga méjì fún ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á wá gbé e ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n bá wá gbẹ̀san, torí àwọn tiwa ti dájọ́ fún wọn. Mo ní 45,000 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní 25,000. Mo ní irin ti wọ́n. Wọ́n ní irin wọ́n ní Kétu náà, síbẹ̀ wọ́n fún wa ní iyán. A dé 32,000, bàbá dẹ́rẹ́bà ti tẹ fèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ jó irú rẹ̀ fún ẹnìkan, páìpù tó nípọn ni kí ẹ lò, ẹ fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta díẹ̀ kó má bàa dojú dé, kí ọ̀pá ìdìmú wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí kò ju irin, kí ẹ sì jó òrùka mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún bẹ́líìtì.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ó ga ní 74 ààbọ̀ bíi ti àbúrò mi. Alága di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní 75 gan-an ni kí n kọ, àwọn ò ní fi ìlàjì sẹ̀ǹtímítà ta ará Abẹ́òkúta lọ́rẹ.